Kí A Tó Fi Fàráńdà Kún Ilé

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá, nítorí kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ilé kò kàn. Ẹni tí ó ní ilé ń rò bí yóò ṣe tún un ṣe; ẹni tí kò ní ń rò bí yóò ṣe ní in.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ilé tirẹ̀ lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ó wá rò ó pé ó yẹ kí òun fi fàráńdà kún ẹ̀yìn ilé náà, níbi tí òun yóò máa gbé àga sí ní ìrọ̀lẹ́ láti gba atẹ́gùn, tí ìyàwó òun yóò ti máa ṣa ẹ̀wà, tí àwọn ọmọ yóò ti máa ka ìwé wọn nígbà tí oòrùn bá mú. Ó ra símẹ́ńtì, ó ra páànù, ó pe bíríkìlà àti káfíńtà. Ní ọjọ́ kẹta tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ó ní kí wọ́n dúró. Ó béèrè pé, "Ìwé àṣẹ dà?" Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni inú bí i. Ó ní, "Lórí ilẹ̀ tèmi? Nítorí òpó mẹ́rin àti páànù mẹ́wàá?"

Kí a má ṣe fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè gidi ni ó béèrè: ta ni ó fún ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ láti sọ bí èmi yóò ti kọ́ ilé mi? Bí a bá fẹ́ dá a lóhùn, àfi kí a padà sẹ́yìn kí a wo ibi tí ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ ti wá, àti ohun tí ojú àwọn ènìyàn rí kí wọ́n tó ṣe òfin rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìtàn sọ fún wa ni pé kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá láti máa tọrọ àyè kí a tó kọ́lé. Láyé àwọn baba wa, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ẹbí ni. Inú agbo ilé ni wọ́n ń gbé, yàrá tẹ̀lé yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú wọn, àgbàlá sì wà láàárín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ gbé ìyàwó, tí ó sì fẹ́ fi yàrá kan kún agbo ilé, kì í jí ní òwúrọ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀. Yóò kọ́kọ́ lọ bá baálé. Baálé yóò pe àwọn àgbà, wọn yóò sì rìn yí ibẹ̀ ká. Wọn yóò wò ó bóyá ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé tuntun yóò máa dà sí ìdí ògiri ẹlòmíràn. Wọn yóò wò ó bóyá yóò dí ojú ọ̀nà, tàbí yóò bọ́ sórí ibi tí a sin àgbà ilé kan sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, wọn a fọwọ́ sí i, ọ̀dọ́mọkùnrin náà a sì bẹ ọ̀wẹ̀. Ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri náà. Wọn a jẹ́ kí ìpele ìsàlẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, nítorí ògiri tí a bá kánjú mọ kì í pẹ́ wó.

Ẹ tún wo kọ̀bì. Kọ̀bì ni apá ilé tí ó yọ síwájú, tí òrùlé rẹ̀ ga ju ti ìyókù lọ, tí a ń rí ní ààfin ọba. Àmì ipò ni; mẹ̀kúnnù kì í kọ́ ọ sí ilé tirẹ̀, bí ó ti wù kí ó lówó tó. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé láyé àtijọ́ olúkúlùkù ń kọ́ ohun tí ó wù ú síwájú ilé rẹ̀, ẹ sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó wá yí padà? Ìlú ni ó yí padà. Baálé mọ gbogbo ará ilé rẹ̀. Ó mọ ọmọ tani àti ìyàwó tani. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú bá di ńlá, tí àlejò bá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò, kò sí baálé kan tí ojú rẹ̀ lè tó gbogbo ògiri. Ọ̀nà méjì ni àwọn ìlú ńlá ayé ti gbà láti yanjú ọ̀rọ̀ yìí: àwọn kan ń ṣe ìdájọ́ lẹ́yìn tí ilé bá ti wó, àwọn kan ń béèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ó pẹ́ jù. Ní nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Jésù, ọba kan wà ní Bábílónì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hammurabi. Òfin rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, sọ pé bí ọ̀mọ̀lé bá kọ́ ilé tí kò lágbára, tí ilé náà sì wó pa onílé, pípa ni kí wọ́n pa ọ̀mọ̀lé náà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ onílé ni ilé náà pa, ọmọ ọ̀mọ̀lé ni kí wọ́n pa. Òfin líle ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú rẹ̀: ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ kú kí òfin náà tó jí. Bí wọ́n pa ọ̀mọ̀lé, onílé kò jí dìde. Òkú ẹyọ kan di òkú méjì.

Fún ọ̀nà kejì, ẹ jẹ́ kí a yà sí Lọ́ńdọ̀n fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ilé kíkọ́ tí ó dé Èkó ti wá. Ní ọdún 1212, lẹ́yìn tí iná ńlá kan jó Lọ́ńdọ̀n, wọ́n ti ka fífi koríko bo òrùlé léèwọ̀ nínú ìlú náà. Ṣùgbọ́n ènìyàn a máa gbàgbé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1666, iná sọ ní ilé oníbúrẹ́dì kan. Kí wọ́n tó pa á, ilé tí ó jó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá (13,000). Kí ni ó ràn án lọ́wọ́? Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀nà sì há. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn onílé ti yọ àjà òkè wọn síta kọjá ti ìsàlẹ̀, débi pé àwọn ilé tí ó kọjú sí ara wọn ní òdì-kejì ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí kan orí. Iná kò ní láti sọ̀kalẹ̀ rárá. Láti òkè ilé kan ni ó ti ń fò sí òkè ilé kejì.

Ẹ rántí pé kò sí ìkankan nínú àwọn onílé wọ̀nyẹn tí ó ní ibi lọ́kàn. Àyè díẹ̀ ni olúkúlùkù ń wá, ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ìhín, mẹ́ta sí ọ̀hún, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fẹ́ fàráńdà. Nínú ara wọn, ohun kékeré ni. Nígbà tí gbogbo ìlú ṣe é, ó di àtẹ̀gùn fún iná.

Ní 1667 ni wọ́n ṣe òfin àtúnkọ́ Lọ́ńdọ̀n. Ó ní bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi kọ́ ògiri ìta. Ó sọ bí ògiri yóò ti nípọn tó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ àjà síta sójú ọ̀nà mọ́. Ó ní kí omi òrùlé máa gba inú ọ̀pá sọ̀kalẹ̀ lára ilé, kí ó má ṣe máa dà lé àwọn tí ń kọjá lórí. Wọ́n sì yan àwọn tí yóò máa wọn ìpìlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọlé lé e lórí. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ fi òfin yìí wé ohun tí baálé àti àwọn àgbà ń yẹ̀ wò nínú agbo ilé: ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ òjò, ojú ọ̀nà, ìpìlẹ̀, ògiri ẹni kejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òfin Lọ́ńdọ̀n wà nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1863, ìjọba ṣe òfin kan fún àtúnṣe ìlú. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Erékùṣù ni Èkó, àyè kò tó, ilé fi ara kan ilé, ewé àti koríko ni wọ́n sì fi bo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí iná bá ta láti inú ààrò kan ní àsìkò ọyẹ́, kì í ṣe ilé oníná nìkan ni yóò jó. Léraléra ni iná ń jó Èkó láyé ìgbà náà. Àwọn Àgùdà tí ó padà dé láti Brazil wà ní ìlú náà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́. Àwọn ni wọ́n fi hàn pé ènìyàn dúdú lè kọ́ ilé bíríkì tí yóò dúró pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà "fàráńdà" pàápàá, ó bá "varanda" ti èdè àwọn Potogí tan.

Ní 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ nínú wọn sá wá sí Èkó. John Hawley Glover, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Èkó nígbà náà, fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Wọn kò kàn tú wọn sínú igbó kí olúkúlùkù dúró níbi tí ó bá wù ú. Wọ́n kọ́kọ́ la òpópónà tí ó tọ́, tí ó gba ara wọn kọjá bí ìlà inú ìwé ìṣirò, lẹ́yìn náà ni wọ́n pín ilẹ̀ sí àárín wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹ̀búté Mẹ́ta, ẹ ti fi ẹsẹ̀ yín tẹ ìlà náà.

Lẹ́yìn iná ni àrùn. Ẹ̀yin àgbà kò ní gbàgbé wolé-wolé, òṣìṣẹ́ tí ń wọ ilé onílé láti wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù wọn, àwọn kan ń fi wọ́n kọrin, ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ pé bí a ti kọ́ ilé lè fa àìsàn.

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí eégbọn ara eku ń gbé kiri. Ọdún púpọ̀ ni ó fi ń lọ, tí ó ń padà wá. Eku fẹ́ràn ibi tí ilé ti fún mọ́ra, tí kò sí àyè láàárín ògiri méjì, tí oòrùn kò wọlé, tí ìdọ̀tí kò rí ọ̀nà jáde. Àgbàlá tí ó wà láàárín àwọn agbo ilé Èkó láyé àtijọ́ ti di yàrá, nítorí ọmọ pọ̀, ayálégbé sì pọ̀. Olúkúlùkù ti fi díẹ̀ kún un, títí àgbàlá fi tán. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìjọba fi ṣe òfin ìfètò sí ìlú fún Èkó ní 1928, tí wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí L.E.D.B. Ìgbìmọ̀ yìí ní agbára láti wó àdúgbò tí kò dára, láti la ọ̀nà, àti láti to àdúgbò tuntun. Wọ́n to Yábà, ilé sì jìnnà sí ilé níbẹ̀.

Ní 1946 ni wọ́n ṣe òfin irú rẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Inú òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1932 ni wọ́n ti yọ ọ́. Láti ìgbà náà lọ, ìlú tí ó bá fẹ́ lè ní ìgbìmọ̀ ìfètò sí ìlú tirẹ̀.

Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ dúró níbí, ẹ óò rò pé ire nìkan ni òfin wọ̀nyí mú wá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn tí ó bá sì fi apá kan pamọ́ kì í ṣe ìtàn. Ní 1917, lábẹ́ Lugard, ìjọba ṣe òfin tí ó pín àwọn ìlú sí ipò mẹ́ta. Ìlànà Lugard ni pé kí àdúgbò àwọn òyìnbó jìnnà sí ti àwọn ènìyàn dúdú, kí àyè tí kò ní ilé gbígbé, tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440, sì wà láàárín wọn. Ẹ̀fọn àti iná ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Ẹ̀rù ẹ̀fọn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kàkà kí wọ́n mú ẹ̀fọn kúrò nínú ìlú, ènìyàn ni wọ́n mú jìnnà sí ènìyàn.

Bẹ́ẹ̀ ni ní 1955. L.E.D.B. bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Èkó, ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí éékà 70, pé àdúgbò náà ti bàjẹ́, pé ó yẹ kí olú-ìlú dára lójú. Wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun tí wọ́n fún wọn dúró dáadáa, ó ní àyè, ó ní omi. Ṣùgbọ́n onímọ̀ kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé tí ó jáde ní 1961. Ìyá tí ń tajà níwájú ilé rẹ̀ pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀. Owó ọkọ̀ sí ibi iṣẹ́ di ẹrù. Arúgbó tí ọmọ àti àbúrò yí ká ní agbo ilé wá di ẹni tí ó ń dá jókòó. Wọ́n tún ilé ṣe, wọ́n sì tú ẹbí ká.

Ìtàn yìí fi yé wa pé òfin ilé kíkọ́ kì í ṣe ohun mímọ́ tí a kò lè bi léèrè. Baálé kì í pàṣẹ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ ẹni. Òfin tí kò bá gbọ́ tẹnu ẹni tí a ṣe é fún, pàṣán ni ó ń dà.

Ta ni ó wá ni àṣẹ náà lónìí? Ọ̀rọ̀ yìí fúnra rẹ̀ di ẹjọ́. Ní 1992, ìjọba ológun ṣe òfin kan lórí ìfètò sí ìlú àti agbègbè fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tí yóò máa fún àwọn tí ń kọ́lé sórí ilẹ̀ Èkó ní ìwé àṣẹ. Wọ́n gbé e dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ìdájọ́ sì jáde ní 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni agbára ìfètò sí ìlú wà. Ní 2010, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọ́fíìsì kan ń fún ni ní ìwé àṣẹ, òmíràn sì ń ṣọ́ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún yín pé kí ẹ béèrè ní ìpínlẹ̀ tiyín. Ìlànà Èkó lè má jẹ́ ti Ọ̀yọ́, ti Ọ̀yọ́ sì lè má jẹ́ ti Èkìtì.

Nínú òfin 1992, wọ́n túmọ̀ ohun tí a ń pè ní ìdàgbàsókè ilẹ̀, èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún. Ó kan iṣẹ́ ilé kíkọ́ yòówù tí a bá ṣe nínú ilẹ̀, lórí ilẹ̀, lókè ilẹ̀ tàbí lábẹ́ ilẹ̀. Ó kan wíwó ilé pàápàá. Ẹ rí i pé fàráńdà kò yọ. Àtíbàbà tí a pa nítorí ìkómọjáde, tí a ó sì tú ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí yóò bi yín léèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ní ìpìlẹ̀, tí ó ní òpó símẹ́ńtì, tí ó ru òrùlé, tí ó sì fara ti ilé, apá kan ilé ni.

Kí ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ fi irú rẹ̀ kún ilé? Wọn a béèrè ìwé tí ó fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Wọn a béèrè àwòrán ilẹ̀ tí wọnlẹ̀-wọnlẹ̀ tí ìjọba mọ̀ yà. Wọn a béèrè àwòrán ilé bí ó ti wà àti bí yóò ti rí nígbà tí àfikún bá wọ inú rẹ̀, kí a lè rí i bí ó ti jìnnà sí ọ̀nà àti sí ògiri aládùúgbò. Bí ohun tí a fẹ́ kọ́ bá wúwo, tàbí tí ó bá wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọn a fẹ́ ìwé ẹnjiníà tí ó ṣírò ẹrù tí òpó lè rù. Owó orí kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni owó ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀, tí ó yẹ kí a gba rìsíìtì rẹ̀. Òfin 1992 ní ọdún méjì ni ìwé àṣẹ fi ń ṣiṣẹ́. Bí a kò bá bẹ̀rẹ̀ láàárín rẹ̀, a ó tún un sọ di ọ̀tun. Bí wọ́n bá sì kọ̀, a ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí rẹ̀, a sì lè pe ẹjọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, "Ó dára, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè wó. Ṣùgbọ́n fàráńdà! Ta ni fàráńdà ń pa?" Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹfà ọdún 2003. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń ṣe àríyá ní ilé kan. Fàráńdà onígi wà ní ẹ̀yìn ilé náà, ọ̀kan lórí èkejì. Èrò pọ̀ lórí ti òkè, ó já, ó sì wó lu àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Ènìyàn 13 ni ó kú. Àwọn aláṣẹ ìlú náà sọ pé fàráńdà náà tóbi ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ. Ẹni tí ó kọ́ ọ kò ṣe é láti pa ènìyàn. Àyè ìgbafẹ́ ni ó kọ́.

Nítòsí wa ńkọ́? Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò kan wó ní Ìkọ̀tún, ènìyàn 116 sì kú. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Èkó. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé báàgì kọ́ èjìká jáde ní òwúrọ̀ wà lára àwọn tí ó kú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí wó, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ìwádìí, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ẹjọ́. Gẹ́gẹ́ bí ti Hammurabi, òkú ti sùn kí òfin tó jí.

Ìdáhùn tí ìtàn fún ẹni tí ó ní "lórí ilẹ̀ tèmi" nìyí. Ilẹ̀ jẹ́ tirẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi tí ó ṣàn láti orí páànù rẹ kò mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ parí sí. Iná inú ààrò rẹ kò mọ orúkọ tí ó wà nínú ìwé ilẹ̀. Ògiri tí ó bá wó kì í béèrè bóyá ọmọ onílé ni ó wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí ọmọ aládùúgbò tí ó wá ṣeré. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìwé àṣẹ ni ọ̀nà tí ìlú ńlá fi ń sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ọ́fíìsì tí a ti ń gba ìwé náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Bí ẹ bá fi ìwé ẹni pamọ́ sí abẹ́ tábìlì ní oṣù mẹ́fà, tí ẹ ń retí kí ó wá fi nǹkan sí i, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ ènìyàn láti máa kọ́lé ní òru. Àwọn àgbà a máa rìn yí ibi tí a fẹ́ kọ́lé sí ká kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọn kì í ti orí ẹní pàṣẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ tiyín ni ó kẹ́yìn. Lọ́la, bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ wo àlàfo tí ó wà láàárín ilé méjì tí ó fara ti ara wọn ní àdúgbò yín. Ẹ wò ó bóyá ènìyàn lè gba ibẹ̀ kọjá bí iná bá sọ, bóyá omi òjò ní ọ̀nà tí yóò gbà, bóyá oòrùn ń wọ fèrèsé. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, kí ẹ sì bi àgbà kan léèrè bí ibẹ̀ ti rí nígbà tí òun wà ní kékeré. Ẹ ó rí i pé àlàfo náà kì í ṣe ibi òfìfo. Ààyè ìyè ni.